ODÒ ỌYA ÀTI ÀLÙBỌ́SÀ INÚ ỌBẸ̀ WA



Àwọn tí ó wá sí ìpàdé wa tí ó kọjá kò ní gbàgbé pé ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà ni ó fẹ́ tú wa ká lọ́jọ́ náà. Ìyá kan láàárín àwọn ọlọ́jà dìde, ó ní kí akọ̀wé dá òun lóhùn: kí ni ó dé tí àpò àlùbọ́sà tí òun rà ní oṣù kẹta fi di ìlọ́po méjì nígbà tí ó fi máa di oṣù kọkànlá, tí ìdajì inú rẹ̀ sì tún ti rà kí ó tó dé ọjà? Akọ̀wé ní ọ̀nà ni kò dára. Ẹnì kan ní àwọn aláròóbọ̀ ni. Ẹlòmíràn ní ìjọba ni, ẹni yẹn kì í sì í sọ ohun mìíràn. Bàbá kan tí ó ti wa lọ́ọ̀rì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó di aláìríran dáadáa ni ó wá sọ pé, "Ẹ má bá ara yín jà mọ́. Ẹ lọ bi Odò Ọya." Ọ̀pọ̀ nínú wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a rò ó, a rí i pé òótọ́ ni bàbá sọ, a sì ṣe ìlérí pé a ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ ti oṣù yìí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Nígbà tí àwọn bàbá wa bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Hausa, "òkè Ọya" ni wọ́n ń wí, èyíinì ni pé èèyàn ti sọdá odò náà kọjá. Àwa ń pè é ní Ọya, orúkọ òrìṣà aya Ṣàngó. Hausa ń pè é ní Kwara, òun ni wọ́n sì fi sọ Ìpínlẹ̀ Kwara lórúkọ. Àwọn Bambara ní Málì ń pè é ní Joliba, àwọn Songhai sì ń pè é ní Isa Ber, odò ńlá. Àlùbọ́sà pàápàá, ẹnu Hausa ni a ti gba orúkọ rẹ̀. Albasa ni wọ́n ń pè é, àwọn náà sì gbà á lẹ́nu Lárúbáwá. Ọ̀nà tí orúkọ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa náà ni ẹrù náà ń gbà dé títí di òní.

Àwa ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo agbègbè wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ro ọ̀rọ̀ omi. Kànga lè gbẹ ní oṣù kejì, kí àwọn ọmọ máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Òjò tí ó ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa lọ́dún kan ju 1,200 mìlímítà lọ. Bí a bá ní kí òjò ọdún náà dúró sí ojú kan kí ó má ṣàn lọ, yóò mu àgbàlagbà dé àyà. Ní Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Málì, òjò ọdún kan kò pé 200 mìlímítà. Ìyẹn kò ju ìwọ̀n ọwọ́ kan lọ, láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń gbin ìrẹsì, wọ́n ń sin màlúù, wọ́n ń pa ẹja. Ìrẹsì ní etí aṣálẹ̀! Odò Ọya ni ó ṣe é.

Odò yìí gùn tó 4,180 kìlómítà. Nínú àwọn odò Áfíríkà, Nile àti Congo nìkan ni ó gùn jù ú lọ. Ibi tí ó ti ṣẹ̀ ni ó ya ènìyàn lẹ́nu jù. Orí òkè ni ní orílẹ̀-èdè Guinea, nítòsí ààlà Sierra Leone, níbi tí kò ju bí 240 kìlómítà lọ sí òkun. Odò tí ó ní làákàyè ìbá ti sáré lọ sínú òkun kí ó sinmi. Ọya kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó dorí kọ ìhà àríwá àti ìlà oòrùn, ó kọjá Bamako àti Ségou, ó lọ kan etí aṣálẹ̀ Sahara ní Timbuktu, kí ó tó ṣẹ́ kọ́nà bọ̀ sísàlẹ̀, kí ó gba Gao, kí ó gba Niamey, kí ó kan ilẹ̀ Benin ní Malanville, kí ó tó wọ Nàìjíríà ní ìhà Kébbí. Nígbà tí ó bá fi dé Lọ́kọ́ja tí ó pàdé Bẹ́núé, ó ti rin ìrìn àjò tí mọ́tò kò lè rìn láìyí táyà. Ìrìn yíyí yìí ni ó da àwọn òyìnbó ìgbà àtijọ́ lójú rú. Mungo Park dé etí odò náà ní Ségou ní ọdún 1796, òun ni ó sì kọ́kọ́ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn pé ìhà ìlà oòrùn ni ó ń ṣàn sí. Ó padà wá, ó sì kú sínú odò náà ní Bùsà ní 1806. Àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò Lander ni wọ́n gbà á dé òkun ní 1830. A kò sọ pé àwọn ni wọ́n "rí" odò náà o. Àwọn tí wọ́n bá létí odò ń pa ẹja lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ibi tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí nìyí. Omi Ọya ní aago tirẹ̀. Òjò tí ó bá rọ̀ ní Guinea láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án kì í sáré. Ó ń kún Bamako ní oṣù kẹsàn-án, ó dé Mopti ní oṣù kẹwàá, ó lọ tẹ́ sílẹ̀ gbalasa, ó sì tó nǹkan bí oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní kí ó tó kún dé Timbuktu. Nígbà tí yóò bá fi dé Kainji lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ọyẹ́ ti mú, ètè ti là, oṣù kìíní sí oṣù kejì ti dé. Omi tí ó rọ̀ nígbà tí a ń jẹ iṣu tuntun ni ó ń dé nígbà tí koríko ti gbẹ! Nítorí pé ó ti fi gbogbo ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà, ó máa ń dúdú, ó sì máa ń mọ́. "Omi dúdú" ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Omi mìíràn wà tí ń ti òjò ilẹ̀ Hausa wá láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, tí ó funfun bí ògì nítorí ẹrẹ̀. Wọ́n ń pè é ní "omi funfun". Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò kan ṣoṣo ń kún lọ́dún.

Ní agbègbè Mopti ni Ọya ti ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní. Ní ọdún tí òjò bá dára, omi á bo ilẹ̀ tí ó tó 20,000 kìlómítà níbùú lóròó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò ju ìlọ́po mẹ́ta gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkìtì lọ. Oòrùn ń mu púpọ̀ nínú rẹ̀, bí ẹni ń mu ẹ̀kọ tútù. Ṣùgbọ́n kí ó tó mu ún tán, iṣẹ́ ti ṣe. Ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí kì í ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Éṣíà, agbègbè yìí ni àwọn onímọ̀ sọ pé wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní bí ọdún 3,000 sẹ́yìn. Oríṣi kan wà nínú rẹ̀ tí ó máa ń ga bí omi ti ń ga, tí orí rẹ̀ á máa léfòó. Bí omi bá fà, koríko kan tí wọ́n ń pè ní bourgou á kù sílẹ̀, màlúù á sì jẹ ẹ́ ní àkókò tí kò sí ewé tútù níbòmíràn.

Àgbẹ̀, apẹja, darandaran, gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjà tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àgbẹ̀ àti darandaran lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí á gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní bí igba ọdún sẹ́yìn, Sékou Amadou, ọba Fúlàní tí ó dá ìjọba Macina sílẹ̀, là á kalẹ̀ pé màlúù ní ọ̀nà tirẹ̀, oko ní ibi tirẹ̀, agbo ẹran kọ̀ọ̀kan sì ní ipò tí yóò tẹ̀lé nígbà tí wọ́n bá ń wọ pápá. Olórí pápá ni ó ń ṣe ìpín. Títí di ìsinsìnyí, wọ́n máa ń dá ọjọ́ tí màlúù yóò sọdá odò ní Diafarabé. Wọn kì í sọdá kí ọjọ́ náà tó pé, kí ìrẹsì lè kúrò lóko. Àjọ UNESCO ka ayẹyẹ náà sí ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. A kò sọ pé wọn kì í jà. Láti 2012 tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní àríwá Málì, ìbọn ti ba púpọ̀ nínú ètò náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ètò náà ti wà kí ìbọn tó dé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á wá sí ìtàn tí ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbọ̀ngbọ̀n.

Ní 1932, àwọn Faransé dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Málì tí wọ́n pè ní Office du Niger. Èrò wọn ni pé kí wọ́n sé odò, kí wọ́n la omi sínú ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n gbin òwú fún àwọn iléeṣẹ́ aṣọ ìlú wọn. Wọ́n ní àwọn yóò rin ilẹ̀ tí ó súnmọ́ mílíọ̀nù kan hẹ́kítà. Wọ́n fi ipá mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ṣiṣẹ́, wọ́n kó ìdílé láti ilẹ̀ Mossi, tí à ń pè ní Burkina Faso lónìí, wọ́n fi wọ́n sí abúlé tí kì í ṣe tiwọn. Ìdídò náà, tí ó wà ní Markala, parí ní 1947. Nígbà tí Málì fi máa gba òmìnira ní 1960, ilẹ̀ tí omi dé kò ju bí ìdá kan nínú ogún ohun tí wọ́n pinnu lọ. Òwú kò dára níbẹ̀. Ní bí 1970 wọ́n pa á tì, wọ́n gbájú mọ́ ìrẹsì.

Ìjọba ìbílẹ̀ gba ipò òyìnbó, ṣùgbọ́n ìwà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àgbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ta ìrẹsì rẹ̀ fún ẹlòmíràn àfi Office, ní iye tí Office bá dá lé e. Ọlọ́pàá wà lójú ọ̀nà tí ń tú ẹrù. Bí wọ́n bá bá àpò ìrẹsì lọ́wọ́ ẹni tí ó gbìn ín, wọ́n á gbà á. Ẹ gbọ́, ẹni tí ó gbìn ín ni! Kí ni àgbẹ̀ ṣe? Ó dẹwọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilẹ̀ hẹ́kítà kan kì í mú ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ sí méjì lọ. Omi wà, oòrùn wà, ilẹ̀ wà. Èrè ni kò sí.

Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni nǹkan ti yí padà. Wọ́n mú ọlọ́pàá kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n jẹ́ kí àgbẹ̀ ta ìrẹsì fún ẹni tí ó bá wù ú. Wọ́n tún ilẹ̀ ṣe kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n tún ojú omi ṣe, àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ìrẹsì láti orí àkọ́gbìn dípò kí ó fọ́n ọn ká. Ní January 1994 wọ́n gé owó CFA sí méjì, ìrẹsì òkè òkun wọ́n, tiwọn sì rí ọjà. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, hẹ́kítà kan náà ti ń mú tọ́ọ̀nù márùn-ún sí mẹ́fà. Odò kan náà, ilẹ̀ kan náà, àwọn ènìyàn kan náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí bàtà ti ta wọ́n lẹ́sẹ̀ nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ní àkókò náà wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ abúlé ni ó ń pa ìrẹsì, òun ni ó ń kó o jọ, òun ni ó ń yá owó ajílẹ̀ àti owó akọ màlúù ní báńkì ní orúkọ gbogbo ará abúlé. Ó dára ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé-ìwé, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn kéékèèké. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìrẹsì wọn lóru fún oníṣòwò kí akọ̀wé ẹgbẹ́ má baà rí i gba gbèsè. Ní abúlé mìíràn, àwọn olórí ni ó jẹ owó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò mọ ìwé, wọn kò lè yẹ àkọsílẹ̀ wò. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, gbèsè ti mu ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ dé ọrùn. Báńkì kò sì mọ ẹni tí ó san àti ẹni tí kò san; abúlé ni ó mọ̀. Ẹni tí ó san tirẹ̀ pé pérépéré, òun náà kò rí ajílẹ̀ gbà ní ọdún kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ ńláńlá fọ́ sí kéékèèké, tí ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n mọ ara wọn, tí wọ́n lè wo ara wọn lójú, fi ń ṣe onígbọ̀wọ́ ara wọn.

Owó omi nìkan ni wọn kò fi ṣeré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lo omi Office ń san owó lórí hẹ́kítà rẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí kò bá san, wọ́n lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó mú kí àgbẹ̀ gbà ni pé láti àwọn ọdún 1990, aṣojú àgbẹ̀ àti aṣojú iléeṣẹ́ ni wọ́n jọ ń jókòó pinnu bí wọn yóò ṣe ná owó náà lórí ojú omi. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ènìyàn kì í kọ̀ láti san owó tí ó bá rí ibi tí ó ń lọ.

A mọ̀ pé inú àwọn kan yóò ti máa wú báyìí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí jọ tiwa. Ṣé kí á sọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́.

Ní 2022, mẹ́rin nínú àwọn ọlọ́jà wa kó owó jọ, wọ́n sì yá ìyókù nínú àpò ẹgbẹ́, wọ́n ránṣẹ́ ra àlùbọ́sà ní ìhà Kébbí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ọya àti Bẹ́núé kún lẹ́ẹ̀kan náà. Omi bo Lọ́kọ́ja. Ènìyàn tí ó ju 600 lọ ni ìkún omi ọdún yẹn pa ní gbogbo Nàìjíríà, ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Títì Abuja sí Lọ́kọ́ja di odò, ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ oúnjẹ tò bí ẹ̀wù tí a sá. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ó gba Lọ́kọ́ja, kí ó gba Kábà, kí ó gba Òmùò wọlé sọ́dọ̀ wa, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò lójú kan. Àwọn tí wọ́n bá wa já ẹrù náà kò ní gbàgbé òórùn rẹ̀. Àpò tí ó kù tí ó ṣeé tà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń san díẹ̀díẹ̀, gbèsè náà kò sì tíì tán nínú ìwé wa. Ohun tí ó fa ariwo gan-an ní ìpàdé tí ó kọjá kì í ṣe oye àlùbọ́sà nìkan. Àwọn kan ni wọ́n ní kí á yọ ìyókù gbèsè náà nínú èrè gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àwọn mìíràn sì ní kí á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onígbọ̀wọ́. Àwa kò fara mọ́ èkíní, a kò sì fara mọ́ èkejì. Èkíní ni ó fọ́ àwọn ẹgbẹ́ Málì. Èkejì yóò mú kí ẹnikẹ́ni má ṣe onígbọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn mẹ́rin yẹn kò jẹ owó, omi ni ó jẹ ẹ́. Kí a fún wọn ní àyè láti san án títí yóò fi tán, láìsí èlé lórí ọdún tí ìkún omi wáyé. Èrò tiwa nìyẹn. Ìpàdé gbogbogbò ni yóò pinnu.

Kí á padà sí ìbéèrè ìyá. Kí ni ó ń mú àlùbọ́sà wọ́n ní oṣù kọkànlá?

Àlùbọ́sà kò fẹ́ òjò. Ó fẹ́ omi ní ẹsẹ̀, kò fẹ́ omi lórí. Ní Sókótó, Kébbí àti àwọn ibi tí ó yí wọn ká, òjò kì í pẹ́ rárá. Oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí omi odò Rima àti odò Sókótó, tí wọ́n ń ṣàn lọ bá Ọya, bá fà kúrò lórí ilẹ̀, ilẹ̀ dúdú tútù ni ó ń kù sílẹ̀. Hausa ń pè é ní fadama. Àwa ń pè é ní àkùrọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ àlùbọ́sà sí láti bí oṣù kọkànlá, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ kékeré fa omi sí i, wọ́n á sì máa hú u láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Ìgbà náà ni ó pọ̀ ní ọjà Aliero tí àwọn oníṣòwò wa mọ̀, ìgbà náà ni ìyá rà á ní ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí wọ́n kó sínú abà oníkoríko ni à ń jẹ. Ó ń rà díẹ̀díẹ̀, ó ń hù, ó ń fúyẹ́. Nígbà tí ó bá fi di oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, èyí tí ó kù kò pọ̀, tuntun kò sì tíì jáde. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀.

Ẹ fi ti epo kún un. Ẹ̀rọ tí ń fa omi, bẹntiróòlù ni ó ń mu. Ètò Fadama tí Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà lówó fún láti 1992 ni ó sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ di púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, àwa rò pé owó ọkọ̀ nìkan ni yóò wọ́n. Omi pàápàá wọ́n. Ẹni tí ń bomi rin àlùbọ́sà ní Kébbí àti ẹni tí ń gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́, bẹntiróòlù àti dísù ni wọ́n jọ ń rà.

Ìrẹsì náà kò yàtọ̀. Àwọn tí ó ní ẹbí ní Èkó yóò rántí ìrẹsì LAKE tí Ìpínlẹ̀ Èkó àti Kébbí jọ gbé jáde ní ìparí 2016. Etí odò yìí kan náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ìkún omi 2020 sì gbá ọ̀pọ̀ oko ìrẹsì Kébbí lọ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n kórè. (Ẹni tí ó bá ní ìrẹsì Ìgbẹ́mọ̀ dùn jù ú lọ, a kò bá a jiyàn.)

Bí omi púpọ̀ ṣe ń pa, bẹ́ẹ̀ ni àìsí rẹ̀. Ọ̀dá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 tí ó le jù ní 1972 sí 1973, àti èyí tí ó tún dé ní 1983 sí 1984, pa màlúù lọ bẹẹrẹbẹ ní Málì àti Niger. Ní 1985 Ọya fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ní Niamey. Ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ rìn níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kọjá. Àwa tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ṣe lókè kan wá. Ìdídò Kainji, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1964 tí wọ́n sì parí ní 1968, omi tí ń bọ̀ láti Guinea, Málì àti Niger ni ó fi ń ṣe iná. Ìtorí rẹ̀ ni wọ́n fi kó ènìyàn tí ó lé ní 40,000 kúrò nílé bàbá wọn, tí Bùsà àtijọ́ sì wà lábẹ́ omi. Orílẹ̀-èdè Niger náà ń fẹ́ ìdídò tirẹ̀ ní Kandadji, kí àwọn náà lè ní iná, kí wọ́n sì bomi rin oko. A kò lè sọ pé kí wọ́n má ṣe é. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án tí odò náà kàn ní àjọ kan tí ó wà ní Niamey, tí wọ́n sọ di alágbára ní 1980. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jíròrò ohun tí oníkálukú yóò bù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni òun náà, àfi pé omi ni wọ́n ń dá jọ.

Nísinsìnyí, kí ni a lè ṣe? Àwọn kan ní kí á gbin àlùbọ́sà ní Èkìtì. Àwọn tí wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ lára wa sọ pé ewé rẹ̀ ń dára, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kì í tóbi, òjò sì máa ń mú un rà. Kí á fi àlùbọ́sà sílẹ̀ fún ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n àkùrọ̀ wa ńkọ́? Ní etí Ọ̀gbẹ̀sè àti àwọn odò kéékèèké tí ó wà káàkiri lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ wà tí ó ń tutù títí di oṣù kejì, tí a kì í lò ju kí á gbin tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ sí i. Ata, tòmátì, ewédú àti àgbàdo tútù tí ó bá jáde ní oṣù kejì, nígbà tí gbogbo ọjà ń wá a, owó ni. Ẹni tí ó bá rí i bí àwọn ará Sókótó ṣe ń fi omi tí kò tó nǹkan ṣe oúnjẹ fún wa, ojú yóò tì í láti jẹ́ kí tirẹ̀ máa ṣàn lọ.

Nítorí náà àwọn ìgbìmọ̀ ti gbà láti ya owó kan sọ́tọ̀ fún àkùrọ̀ ní ọdún yìí. Ẹni márùn-ún márùn-ún ni yóò kó ara wọn jọ, kí ẹni márùn-ún náà jẹ́ àwọn tí oko wọn wà ní ojú kan, tí wọ́n jọ ń pàdé lójú omi. Onígbọ̀wọ́ kò ní ju àwọn márùn-ún náà lọ. Gbogbo ìwé owó náà yóò wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹni tí kò bá mọ ìwé kà, kí ó mú ọmọ rẹ̀ wá kà á fún un, akọ̀wé kò gbọ́dọ̀ bínú.

Ní ti àlùbọ́sà, ẹ̀ka àwọn ọlọ́jà yóò gbìyànjú láti ra ti oṣù kẹta ní àpapọ̀, ìdajì ni wọn yóò gbé wá, wọn yóò sì fi ìdajì sílẹ̀ sínú abà lọ́dọ̀ ẹni tí a ti bá ṣòwò pẹ́, ní ilẹ̀ gbígbẹ tí kì í tètè rà. Kò sí ẹrù tí yóò gba Lọ́kọ́ja ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá mọ́. Bàbá onílọ́ọ̀rì ni ó dá ìmọ̀ràn yẹn, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sí ẹni tí ó bi òun ni.

Ìyá tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ti wá sí ọ́fíìsì. Ó kọ́kọ́ yẹ ìwé wò, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó kà á fún un. Lẹ́yìn náà ó ní kí á kọ àpò mẹ́wàá sílẹ̀ ní orúkọ òun fún oṣù kẹta, kí akọ̀wé má sì gbàgbé pé pupa ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ funfun.